Tinúọlá àti Ìgò Méjìlá Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ààlọ́ o!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí oorun ti gbé gbogbo yín lọ ni? Ẹ dáhùn kí n gbọ́.

"Ààlọ̀, Yèyé!"

Ẹn-ẹn. Ààlọ́ mi lálẹ́ òní kò wọ igbó, kò bá ẹranko kankan pàdé lọ́nà. Ẹ̀yìnkùlé wa yìí ló gbà kọjá, ó ya sí ilé Fadá, ó lọ jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó dá lórí Tinúọlá.

"Yèyé, ìyẹn kì í ṣe ààlọ́. Ènìyàn ni ìyẹn. Ó fún wa lọ́sàn lánàá."

Rónkẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ènìyàn kì í jẹ́ ààlọ́? Jókòó jẹ́ẹ́. Òun náà ni mo ń wí, ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gbọ́ òórùn ọsàn kan kó tó fi lé yín lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a padà sínú igbá, á mú òmíràn.

Ọmọ Ìgbólé ni. Adẹ́mu ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru omi, òun ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn. Bàbá náà á da ẹmu díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, á ní, "Ọ̀pẹ wo nìyí?" Ọmọ náà á lá a, á ní, "Ti etí odò ni, Bàbá. Ẹ sì ti da ti àná mọ́ ọn." Wọ́n ní kì í ṣì í. Èmi kò sí níbẹ̀ o, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ ọdún sì wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tí Tinúọlá bá sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wò ó. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin, ó wá ṣe kúùkù nílé Fadá níbí, ní Ayégbajú. Òyìnbó ni Fadá ìgbà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, Fadá Onírùngbọ̀n la sì ń pè é. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì ló ti wá. Uṣẹ́ bàbá tirẹ̀ náà ni kí ó máa fún èso àjàrà. Ó ṣàkíyèsí pé tí obìnrin yìí bá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó máa ń mọ ata tó ti sùn ọjọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé nígbàkúùgbà tí Fadá bá ṣí ìgò lọ́jọ́ ọdún, ó máa ń pè é láti ilé ìdáná. Á bu pupa sínú ife kan, á bu funfun sínú èkejì. Á ní kí ó yí ife náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó ti imú bọ̀ ọ́, kí ó gba ẹ̀kán kan sẹ́nu, kí ó fi yí ahọ́n po, kí ó wá tu ú dànù.

"Kó tu ú dànù kẹ̀?"

Kó tu ú dànù o, Èyítáyọ̀. Fadá ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ọtí márùn-ún kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kankan mì, kí ojú rẹ̀ má baà ti yí kó tó dé orí ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ gidi ni lẹ́nu Fadá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Ẹni tó bá gbé ọtí síwájú àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, á gbé e mì, àlejò á sì wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sísàlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ títu yẹn mú dáadáa. A ń padà bọ̀ wá bá a.

Nígbà tí ara Fadá Onírùngbọ̀n kò gbà á mọ́, wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Kó tó lọ, ó gbé àpótí pákó kan jáde níwájú ìjọ. Wáìnì ló wà nínú rẹ̀, pupa mẹ́fà, funfun méje. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ ìlú yìí kan bá di Fadá, kí wọ́n ṣí méjìlá nínú rẹ̀, kí wọ́n fi yọ̀, kí wọ́n rántí òun. Ó kó wọn sí yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Tinúọlá. Funfun kan tó ṣẹ́kù, ó fi ta Ògúnrìndé lọ́rẹ. Ògúnrìndé ni kátíkíìsì wa, ẹni tó ń kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó sì ń ṣe alága lórí ohun gbogbo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò rẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló ń wò.

Fadá sọ fún Tinúọlá pé, "Má jẹ́ kí wọ́n dúró. Tẹ́ wọn sílẹ̀. Má jẹ́ kí ooru dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá di ọdún kẹwàá, ṣí pupa kan, kí o mọ bí ara wọn ṣe rí." Tinúọlá rò ó pé kí ni ohun tí àwọn èèyàn òun ń tọ́jú tó kórìíra ooru. Obì ló wá sí i lọ́kàn. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, ó kó yanrìn odò sínú rẹ̀, ó tẹ́ ìgò sí i, ó fi ewé gbòdògì bò ó, ó ń wọ́n omi sí i, ó ń pààrọ̀ ewé bí ẹni tó ń pa obì mọ́ dé ọjọ́ ọjà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún? Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Yàrá kan lẹ́yìn ilé Fadá ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Ó wá di ọdún kẹwàá. Ọ̀sán gangan ni, mo yà kí i nílé ìdáná. Àwa méjèèjì ti fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn nítorí àpáta tí a ń sá láfún sí. Ó ní ibi tí mo gbà fẹ̀ jù, mo ní tirẹ̀ ló fẹ̀ jù. Mo ní kí n lọ pẹ̀tù sí i. Mo bá ife méjì lórí tábìlì. Ohun tó wà nínú wọn pọ́n, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí omi tí a fi ṣan ìkòkò àgbo, nǹkan dúdú wínníwínní sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tinúọlá kò kí mi dáadáa. Ó gbé ife kan, ó yí i, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó gbà á sẹ́nu, ó di ojú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tu gbogbo rẹ̀ sínú eérú. Ó nu ẹnu. Ó wá na ife kejì sí mi.

"Ìyá Dúrójayé, gbà, mu. Sọ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ẹni tí mo bá jà lọ́sẹ̀ yẹn, ó tu tirẹ̀ dànù lójú mi, ó ní kí n mu tèmi! Mo fi ẹnu kàn án nítorí pé ó ń wò mí. Ó kan, ó sì korò, ahọ́n mi súnkì bí ìgbà tí èèyàn bá bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó jẹ. Mo ní, "Ó dára, jẹ́ kí n máa mu ún lọ sílé." Mo gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, mo dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń jí lọ wo ìbẹ́pẹ yẹn láràárọ̀ bóyá ó ti kú. Kò kú. Ó tún wá so rẹpẹtẹ. N kò jẹ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò fi ẹnu kan oúnjẹ Tinúọlá mọ́. Tó bá gbé iyán wá, màá ní inú ń run mí. Tó bá gbé ẹ̀wà wá, màá ní mo ń gbààwẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Ààwẹ̀ wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Òun náà kò bi mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ rẹ̀ gba ojú ọ̀nà wa kọjá láì yà.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn èèyàn ń gun orí àpáta kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn ọmọ wọn, ọdún náà ni Ìyìnolúwa, ọmọ Ọlátúnjí àgbẹ̀, di Fadá. Òun ni àkọ́kọ́ ní ìlú wa. Ìdúpẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Kátíkíìsì Ògúnrìndé kó àwọn èèyàn lẹ́yìn, ó ní kí Tinúọlá ṣílẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn. Èmi náà wà níbẹ̀. Ṣé màá jókòó sílé ni?

Wọ́n wọlé, wọ́n bá ilẹ̀ gbígbẹ́, yanrìn tútù, ewé. Kátíkíìsì fò sẹ́yìn.

"Ó sin wọ́n! Ẹ wá wò ó! Kí ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ń sin ìgò sínú ilẹ̀ ṣe?"

Wọ́n hú wọn jáde. Bébà tó wà lára wọn ti jẹrà dànù. Ìda pupa tí Fadá fi lẹ ẹnu wọn pa ti ṣí kúrò. Wọ́n gbé wọn sínú oòrùn. Funfun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, pupa sì ti ṣá. Wọ́n kà wọ́n: mọ́kànlá.

"Mo fojú mi rí funfun yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀," ni Kátíkíìsì wí, "ó mọ́ bí omi òjò. Èyí dà bí ìtọ̀ aláìsàn! Pupa yẹn dúdú bí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Èyí dà bí tíì. Màmá Ilé Fadá, ẹ ti mu wáìnì yẹn tán, ẹ wá fi àgbo dí ìgò!"

Tinúọlá ní, "N kò mu ún."

"Ìgò kejìlá dà?"

Tinúọlá wojú mi. Mo wo ilẹ̀.

Kátíkíìsì ní bí kò bá rí àlàyé ṣe, òun yóò kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú níwájú ìjọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ilé Fadá kó máa lọ sí Ìgbólé. Ní Ìgbólé, ulé bàbá rẹ̀ ti wó. Àwọn ọmọ tó ń gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn obìnrin dẹ́kun ọ̀rọ̀ tó bá ti ń bọ̀. Èmi ńkọ́? Mo dé ilé, mo ní lọ́kàn mi pé, "Àṣé mo mọ̀ ọ́n. Àgbo ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń se é."

Fadá Ìyìnolúwa kò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé ó ní kí gbogbo wa wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Fadá, kí a tọ́ wáìnì náà wò. Ó ní òun náà ti tọ́ wáìnì wò níbi ẹ̀kọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ tó ẹni tó ti ń fi ahọ́n ṣiṣẹ́ látìgbà èwe. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Oyèbánjí, adẹ́mu àgbà, tí kò sí ọ̀pẹ tí kò tíì gùn láti ibí dé Ìkọ̀lé.

Inú bí Kátíkíìsì. "Fadá, Oyèbánjí tó ń bọ Ògún ni yóò dájọ́ wáìnì ilé Ọlọ́run?"

Bàbá Oyèbánjí ti jókòó. "Kátíkíìsì, ahọ́n mi kò tíì ṣe ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n kò purọ́ rí."

A rẹ́rìn-ín. Tinúọlá kò rín. Ó kó ìgò mọ́kànlá náà síwájú, ó fa ìdérí wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ òórùn ìdérí kọ̀ọ̀kan. Ó ti pupa méjì sí apá kan.

"Àwọn wọ̀nyí ti kú. Ẹ má wulẹ̀ mu wọ́n."

Bàbá Oyèbánjí tọ́ ọ̀kan wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Òótọ́ ni. Ó ti kan kọjá."

"Ẹ rí i!" ni Kátíkíìsì wí. "Báwo ló ṣe mọ̀ láì tọ́ ọ wò? Ẹni tó sè é ló mọ̀ ọ́n!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ o. Ohun tó bá mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tí kò bá mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èmi náà ń mi orí sí i.

Tinúọlá wá yíjú sí i jẹ́ẹ́. "Kátíkíìsì, funfun tí Fadá fi ta yín lọ́rẹ ńkọ́? Inú àpótí kan náà ni wọ́n ti jáde."

"Ó wà lórí pẹpẹ ẹrù lókè àjà yàrá mi. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Funfun ni! Bí Fadá ṣe fún mi."

"Ìgbà wo lẹ wò ó gbẹ̀yìn?"

Fadá Ìyìnolúwa ní kí wọ́n lọ gbé e wá. Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Kátíkíìsì, ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ. Ó gbé e dé nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú u. Bébà rẹ̀ pé, ìda pupa ẹnu rẹ̀ pé, àmì òrùka Fadá Onírùngbọ̀n ṣì wà lára ìda náà. Wáìnì inú rẹ̀ sì pọ́n ju ti Tinúọlá lọ.

Kátíkíìsì gbé e sókè sí oòrùn, ó gbé e kalẹ̀. "Jùmọ̀kẹ́! Ta ló wọ yàrá mi?"

"Yàrá wo? Èyí tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn lọ sóko?"

Ẹ̀rín pa wá. Tinúọlá ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Funfun, bó bá ṣe ń dàgbà ló ń pọ́n. Pupa, bó bá ṣe ń dàgbà ló ń ṣá. Tí wọ́n bá pẹ́ gan-an, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín ọ̀nà. Fadá ló fi hàn mí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ pupa, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, bíi ti ẹmu."

Wọ́n bu funfun Tinúọlá kan àti ti Kátíkíìsì sínú ife fún Bàbá Oyèbánjí. Kò wo ìgò. Ó di ojú. Ó mu ti àkọ́kọ́, ó fi yí ahọ́n po.

"Èyí, ó dà bí oyin tó ti gbàgbé pé òun dùn rí. Èèpo ọsàn gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀ lókèèrè." Ó fi omi ṣan ẹnu, ó mu ti èkejì, ó wúkọ́. "Èyí ti kan. Ṣùgbọ́n dúró ná." Ó tún mu ún. "Èèpo ọsàn yẹn wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ kan náà ni. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan sùn níbi tútù, èkejì dúró lókè àjà, èéfín ìdáná ń yan án."

Ti Tinúọlá ni èyí tó sùn. Ti Kátíkíìsì ni èyí tó dúró. Omi tó gba ìgò Tinúọlá là ló jẹ bébà rẹ̀. Gbígbẹ tó pa bébà Kátíkíìsì mọ́ ló pa wáìnì rẹ̀.

Kátíkíìsì kò gbà bọ̀rọ̀. "Ó dáa. Mọ́kànlá nìyí. Pupa márùn-ún ni mo rí. Ìkẹfà dà?"

"Fadá ní kí n ṣí i lọ́dún kẹwàá. Mo ṣí i. Fadá tó wà níbí nígbà náà fi èyí tó ṣẹ́kù jẹun alẹ́."

"Fadá tó ti padà sókè òkun! Ta ló rí yín?"

Tinúọlá ń fi ọwọ́ nu ẹnu ìgò kan tí kò ní ìdọ̀tí. "Ẹnì kan rí mi," ó ní. "Mo bu díẹ̀ fún un kí n lè mọ̀ bóyá ẹnu tèmi nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun mi mọ́. N kò mọ ohun tí mo ṣe é. N kò ní pè é."

Ẹ̀yin ọmọ, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ká ní ó wò mí ni, bóyá ǹ bá bínú, ǹ bá jókòó. Tí mo bá dákẹ́, Ìgbólé ló ń lọ lọ́la. Tí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú á mọ ohun tí mo ti ń rò sí i láti ọdún mọ́kànlá. Mo fi ọwọ́ ti orí orúnkún, mo dìde.

"Èmi ni," mo ní. "Ó bu ú fún mi lọ́sàn-án, ó pọ́n bíi ti inú ìgò wọ̀nyí gẹ́lẹ́. Ó tu tirẹ̀ sínú eérú, ó ní kí n mu tèmi. Mo rò pé májèlé ni. Mo dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ."

Bàbá Oyèbánjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìbẹ́pẹ yẹn ńkọ́? Ó kú?"

"Kò kú. Ó so."

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Ewúrẹ́ Kátíkíìsì."

Jùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kátíkíìsì pàápàá rín díẹ̀, ó bá fi ọwọ́ bo ẹnu. Fadá Ìyìnolúwa mú kọ́kọ́rọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tí Tinúọlá ti gbé kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Tinúọlá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìyókù padà síbi tútù títí di ọ̀la." Lọ́jọ́ Àìkú, ìkéde tí Kátíkíìsì ṣe kò ju pé kí àwọn èèyàn wá gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ṣùgbọ́n Tinúọlá kò bá wa rín. Nígbà tí èrò tú, ó ní kí n dúró. Ó bu pupa sínú ife méjì. Ó gbé tirẹ̀, ó mu ún, ó gbé e mì. Ó gbé àgbọ̀n sókè kí n lè rí ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó wá la ẹnu, ó fi hàn mí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ife kejì sí mi.

Ó kan. Ó ṣì korò bíi ti ọjọ́ yẹn gan-an. Mo gbé e mì.

"Yèyé, ẹ wá ń jẹun nílé wọn nísinsìnyí?"

Mo ń jẹ. Ẹ̀yin náà ń rí mi. Ṣùgbọ́n títí di òní, tó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, òun ló ń kọ́kọ́ bù jẹ, á gbé e mì, á la ẹnu. N kò ní kó ṣe é. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó yé ṣe é. Á ní, "Ìyá Dúrójayé, jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí iyán náà lọ dáadáa lọ́fun mi.

Ó tó. Ẹ ká ẹní yẹn. Èyítáyọ̀, lọ fọ ẹsẹ̀ kí o tó gun orí bẹ́ẹ̀dì. Rónkẹ́, kí lo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ yẹn? Mú un jáde kí n rí i. Ọsàn àná ni? Kí ló dé tí o kò jẹ ẹ́ láti àná? Hẹn? Ta ló ní kí o máa bẹ̀rù rẹ̀?

Mú un wá. Èmi ni màá kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ó yá, gba tìrẹ. Ẹ wọlé, ẹ lọ sùn.